Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: ọkọ̀ ojú omi àti ọ̀nà èbúté fún abúlé etí Odò Ọya

Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀
Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Abúlé mẹ́rin létí Odò Ọya, lápá òkè Lọ́kọ́ja, fẹ́ da owó pọ̀ ra ọkọ̀ onípákó kan àti ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin 40. Lórí omi, ó tó kìlómítà 20 sí Lọ́kọ́ja. Ọ̀nà ilẹ̀ pupa kìlómítà 9 ló wá láti títì ọlọ́dà dé èbúté, òjò a sì máa gé e. Iṣu, gàrí, ẹja àtàwọn ọlọ́jà la fẹ́ máa kó. Èrò mélòó ni ká máa gbé? Aago mélòó ni ká máa gbéra? Ọkọ̀ la ó kọ́kọ́ náwó sí ni, àbí ọ̀nà?

Atukọ̀ Kupa
Àbúrò, ẹ má bi káfíńtà léèrè pé èrò mélòó ni ọkọ̀ á gbé, iye tó máa dùn mọ́ oníbàárà nínú ló máa dá. Omi ni kẹ́ ẹ bi. Ẹ gbé ọkọ̀ sójú omi tó pa rọ́rọ́, ti òun ti ẹ́ńjìnnì àti epo rẹ̀. Ẹ wọn yanrìn sínú àpò ní kílò 50-50, kẹ́ ẹ máa tò ó sáàárín ọkọ̀ títí yóò fi ku sẹ̀ǹtímítà 30 láti ojú omi dé etí ọkọ̀, níbi tó ti rẹlẹ̀ jù. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ ka àpò, kẹ́ ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, lójú ibi tómi dé.

Ká ní àpò 36 ni, kílò 1,800 nìyẹn. Ẹ ka èèyàn kan àti ẹrù ọwọ́ rẹ̀ sí kílò 90: èèyàn 20 ni, atukọ̀ àti ọmọ ọkọ̀ wà nínú wọn, kò sì tíì sí iṣu kankan ńbẹ̀ o. Ọ̀kadà kan á tó kílò 110, nítorí náà tó bá wọlé, kí èèyàn méjì sọ̀ kalẹ̀. Bómi bá ti bo ìlà funfun, kò sí "ẹ sún díẹ̀ sí i" mọ́. Ilẹ̀ ọkọ̀ ni ẹrù wúwo ń gbé. Kẹ́nikẹ́ni má sì dìde títí wọ́n á fi so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, torí tí gbogbo èrò bá rọ́ sápá kan ní èbúté, ọkọ̀ á dà.

Mẹkáníìkì Etídò
Ẹ jẹ́ n sọ ti ẹ́ńjìnnì. Bó bá jẹ́ èyí tó ń lo ọ́ìlì 2T tí wọ́n ń pò mọ́ epo, ìdajì lítà ọ́ìlì ló ń bá kéègì epo lítà 25 lọ. Bó bá jẹ́ tuntun, ẹ fi odindi lítà kan sí i fún wákàtí 10 àkọ́kọ́. Ẹ fi asẹ́ àti aṣọ sẹ́ epo, omi inú epo ló máa ń pa ẹ́ńjìnnì láàárín odò. Ẹ máa wo omi tín-ín-rín tó ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀: bó bá dáwọ́ dúró, ẹ pa á kíá, ó lè jẹ́ pé yanrìn ti jẹ rọ́bà tó ń fa omi tútù. Ẹ ní rọ́bà náà àti pulọ́ọ̀gì nípamọ́ nínú ọkọ̀.

Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin, á jẹ lítà 15 sí 20 ní wákàtí kan. Ẹ pín epo sí mẹ́ta: ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan kò gbọdọ̀ tán.

Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀
Ẹ ṣeun gan-an. Àwọn ìyá ọlọ́jà fẹ́ kọ́kọ̀ kúrò ní Lọ́kọ́ja láago 4 ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n lè tà tán.

Mẹkáníìkì Etídò
Kò ṣeé ṣe. Ká ní ọkọ̀ yín ń sá kìlómítà 15 ní wákàtí lórí omi tó dákẹ́, tí odò ń ṣàn ní 5. Bẹ́ ẹ bá ń bá omi lọ sí Lọ́kọ́ja, wákàtí kan. Bẹ́ ẹ bá ń dojú kọ omi bọ̀, wákàtí méjì, epo náà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Torí náà ìpín mẹ́ta yẹn, kí ti àbọ̀ pọ̀ ju ti àlọ lọ. Aago 4 á di 6, bí pulọ́ọ̀gì kan bá sì ṣe wàhálà, òru ti dé nìyẹn. NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀nà omi, tí orílé-iṣẹ́ wọn wà ní Lọ́kọ́ja níbẹ̀, kò fàyè gba ìrìn òru. Aago 2, ó pẹ́ tán.

Atukọ̀ Kupa
Òótọ́ ni. Lóṣù ọyẹ́ ńkọ́, ẹ má gbéra láàárọ̀ títí ẹ ó fi rí òdìkejì odò. Lẹ́yìn tómi bá fà, òkìtì yanrìn á ti ṣí nípò. Ẹ fi ọ̀pá tí ẹ sàmì sí ní sẹ̀ǹtímítà 25-25 wọn ọ̀nà omi tuntun. Ibi tí kò bá tó mítà kan, ẹ yà fún un. Ẹ so kéègì funfun mọ́ kùkùté igi tó wà lábẹ́ omi.

Ẹ má fi òjò ìlú yín mọ bómi á ṣe kún. Ní Lọ́kọ́ja ni Bẹ́núè ti pàdé Ọya. Bí Bẹ́núè bá kún ní September àti October, á dá Ọya dúró, omi á gòkè tọ̀ yín wá láìsí òjò.

Ẹ̀gbọ́n Ìjùmú
Ọ̀nà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe o. Ọkọ̀ tó dára ní èbúté tí mọ́tò ò lè dé, kí ló fẹ́ ṣe fún ẹlẹ́ja? Ẹ jẹ́ kí gírédà wọ̀ ọ́ ní November, kí ilẹ̀ tó gbẹ tán, torí erùpẹ̀ gbígbẹ kì í dì. Bí ọ̀nà bá fẹ̀ ní mítà 5, kí àárín rẹ̀ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 12 ga ju etí lọ, kí gọ́tà sì wà lọ́tùn-ún lósì. Páìpù kọ́fáàtì, èyí tómi ń gbà kọjá lábẹ́ ọ̀nà, bí ẹnu rẹ̀ kò bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, ewé á dí i. Erùpẹ̀ orí rẹ̀ náà kò gbọdọ̀ dín ní 60, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mọ́tò á fọ́ ọ.

Ẹ ri òpó irin méjì sẹ́nu ọ̀nà, kí àlàfo wọn jẹ́ mítà 2.3. Bọ́ọ̀sì á kọjá, típà àti tírélà símẹ́ǹtì tó ń wá ọ̀nà àbùjá kò ní lè kọjá.

Èbúté méjì lẹ nílò, ọ̀kan fún ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀kan lókè fún ìgbà omi. Ní 2012 àti 2022, omi bo títì ńlá ní apá Koton-Karfe, áńbọ̀sìbọ́sí ọ̀nà erùpẹ̀ tiyín.

Nọ́ọ̀sì Kàbà
Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ti láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Kó pé iye èrò, kí ti ọmọdé wà lọ́tọ̀, kí wọ́n sì wọ̀ ọ́ kí ọkọ̀ tó kúrò létí omi. Ẹ má jókòó lé e bíi tìmùtìmù. Ní ti aboyún, ẹ má fi ọkọ̀ òru ṣe ètò. Bó bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì sí ìgbà ìkúnlẹ̀, kó wọkọ̀ ọ̀sán lọ sọ́dọ̀ ẹbí ní Lọ́kọ́ja. Èyí tó ti bímọ pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ rí, ẹ jẹ́ kó tètè lọ jù bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀
Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ìjùmú, òpó irin yẹn, báwo ni ká ṣe rì í tí wọn ò fi ní fà á tu?

Ẹ̀gbọ́n Ìjùmú
Ẹ gbẹ́ kòtò mítà kan, kẹ́ ẹ fi kọnkéré kún un, kẹ́ ẹ rọ kọnkéré sínú òpó fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Kẹ́ ẹ jẹ́ kó lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ohunkóhun tó fara kàn án.