Ọmọ ajá tó ti mọ ìta, tó tún padà ń tọ̀ sínú ilé: kí lẹ ń ṣe sí i?

Ará Kútọ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá l'Ábẹ́òkúta. Ọmọ ajá oṣù 5 ni, akọ, àdàlù Alsatian àti ajá ilé. Ó ti mọ ìta dáadáa, àfi bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ tó padà sí pálọ̀. Ẹ̀yìn àga ló máa ń lọ. Táìsì ni ilẹ̀ pálọ̀, àgbàlá sì jẹ́ íńtálọ́ọ̀kì láti géètì dé ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó jọ̀ọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an. “Ẹ ní sùúrù” nìkan ò tó.

Ará Lafẹ́ńwá
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ wo irú ìtọ̀ tó ń tọ̀ ná. Bó bá jẹ́ adágún ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àpò ìtọ̀ ló kún, ajá ò sì rọ́nà jáde, tàbí kò fẹ́ jáde. Bó bá jẹ́ ẹ̀kán díẹ̀ lára ògiri tàbí ẹsẹ̀ àga, akọ tó ń bàlágà ló ń sàmì síbẹ̀. Láti bí oṣù 6 ni ìyẹn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn tàbí tí àlejò wọlé ni ìtọ̀ ń jò lára rẹ̀, ẹ̀rù tàbí ayọ̀ ni. Ẹ má bá ìyẹn wí rárá, ṣe ló máa pọ̀ sí i. Ìta ni kí ẹ ti máa kí i, ẹ lóṣòó, ẹ má tẹjú mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá bá yín. Bó bá sì jẹ́ ibi tó sùn sí ló ń tutù láìjẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ mọ̀, ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn.

Ní tiyín, ẹ̀yìn àga tí ẹ dárúkọ yẹn ló sọ púpọ̀. Ajá tó ń sá pamọ́ kó tó tọ̀, wọ́n ti sábà pariwo mọ́ ọn lórí ìtọ̀. Ẹnìkan nínú ilé lè ti fi ìgbálẹ̀ lé e, tàbí kó ti imú ẹ̀ bọ inú ìtọ̀, àṣà burúkú tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ajá kì í so ìyà mọ́ ohun tó ti ṣe ní ìṣẹ́jú 5 sẹ́yìn. Ohun tó ń rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ewu wà bí èèyàn bá wà nítòsí nígbà tóun bá ń tọ̀. Ẹ wá fi okùn mú un jáde, ó dúró, ó ń wò yín, kò tọ̀. Ẹ padà wọlé báyìí, ó ti wọ ẹ̀yìn àga.

Ẹ dá a padà sí ìlànà ọmọ oṣù 2, bí ẹni pé àná ló dé. Tó bá jí, ìta. Tó bá jẹun tán, kó tó pé ìṣẹ́jú 15, ìta. Tó bá ṣeré tán, ìta. Kó tó sùn, ìta. Láàárín ìyẹn, wákàtí kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀sán. Okùn ni kí ẹ fi mú un. Ẹ má kàn ṣílẹ̀kùn fún un, torí ẹni tó jókòó sínú ilé ò ní mọ̀ bóyá ó tọ̀ ni o tàbí alángbá ló ń lé. Ojú ibì kan náà ni kí ẹ máa dúró sí, kí ẹ máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà, kí ẹ wá dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 5. Bó bá ṣe ń parí ìtọ̀, ẹ fún un ní ẹja gbígbẹ tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ẹ má fún un láàárín ìtọ̀, yóò dá a dúró. Ẹ má sì dúró dìgbà tí ẹ bá dé kíṣìnì. Bó bá ti kọjá bí ìṣẹ́jú àáyá 2, kò ní mọ ohun tí wọ́n ń yìn ín fún mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó ṣeré díẹ̀ níta. Ajá tí wọ́n ń wọ́ wọlé gbàrà tó bá ti tọ̀ tán máa kọ́ láti dá ìtọ̀ dúró kí ìgbádùn má baà parí.

Bí kò bá tọ̀, ẹ má tú u sílẹ̀ nínú ilé. Ẹ so okùn tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6 mọ́ bẹ́líìtì yín kó máa tẹ̀ lé yín káàkiri, tàbí ẹ fi í sínú kéèjì fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún mú un jáde. Kéèjì ọ̀hún, kó gbà á láti dúró, láti yípo, láti nà gbalaja, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá fẹ̀ jù, yóò fi igun kan ṣe ṣáláńgá, yóò sì sùn sí ìkejì. Ẹ fi pákó pín in. Àmọ́ ọmọ ajá tí ẹni tó tà á fi sínú kéèjì ẹlẹ́gbin láti kékeré, tó ti mọ́ ọn lára láti sùn lórí ìgbẹ́ ara ẹ̀, kéèjì ò ní ràn án lọ́wọ́. Okùn ìdí bẹ́líìtì ni kí ẹ gbára lé fún irú ìyẹn.

Pálọ̀ nìkan ni kí ẹ fún un láyè ná. Bí ọ̀sẹ̀ 2 bá kọjá láìsí ìtọ̀ nílẹ̀, ẹ fi yàrá kan kún un. Ọjọ́ 3 péré ló máa ń gbẹ tí ọ̀pọ̀ èèyàn á ti ṣí gbogbo ilé sílẹ̀ fún un, ibẹ̀ ló sì ti ń bàjẹ́.

Ìyá Ìbarà
Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ ilẹ̀ o. Bí òórùn bá ṣẹ́kù síbẹ̀, àṣedànù ni gbogbo wọlé-jáde yẹn, imú ajá ló ń dá a padà.

Ẹ gbé Ìsál jìnnà. Òórùn ẹ̀ le lóòótọ́, ṣùgbọ́n oògùn inú ẹ̀ lè jó ọmọ ajá lẹ́sẹ̀ àti lẹ́nu bó bá lá a. Jik lórí ìtọ̀ tútù náà ò dáa: ammonia tó wà nínú ìtọ̀ bá a jà, èéfín tó ń ta ojú tó ń di èèyàn lọ́nà ọ̀fun ló ń jáde. Ọṣẹ ìfọlẹ̀ tí wọ́n fi ammonia ṣe burú ju gbogbo ẹ̀ lọ, torí lójú ajá, ìtọ̀ míì ni wọ́n dà síbẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é: ẹ fi àkísà gbígbẹ tẹ ìtọ̀ náà títí tí kò fi ní rin àkísà mọ́. Ẹ má nù ún káàkiri. Ẹ da omi lásán sí i, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí kí ẹ tó rà á, èyí tí wọ́n bá kọ “enzymes” sí ni kí ẹ mú, torí òun ló ń jẹ ohun tó ń rùn nínú ìtọ̀. Àwọn yòókù kàn ń bo òórùn mọ́lẹ̀ ni. Ìwọ̀n 1 sí omi 9, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò gbọdọ̀ gbóná torí ooru máa ń pa agbára ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ní tútù fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ fi omi lásán ṣan án dáadáa. Kó gbẹ. Ẹ wá fi fíníga funfun àti omi, ọgbọọgba, nù ún kẹ́yìn. Fíníga àti Jik kò gbọdọ̀ pàdé láé, afẹ́fẹ́ olóró ni wọ́n ń bí.

Kì í ṣe ojú táìsì ni wàhálà wà, àárín ìsopọ̀ wọn ni, ìtọ̀ ń rìn wọ ibẹ̀. Ẹ bu baking soda sí i lálẹ́, kí ẹ gbá a lówùúrọ̀. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí kò ní táìsì tún le jù, ó ń mu ìtọ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí ẹ ṣe é, bó bá sì ti gbẹ pátápátá, ẹ fi ọ̀dà elépo (oil paint) kùn ún kó má baà mu òmíràn mọ́. Ẹ yí àga náà dojú délẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ ẹ̀, tìmùtìmù ló máa ń ṣẹ́kù tí èèyàn ò ní fura sí.

Bí ẹ ò bá mọ gbogbo ibi tó ti tọ̀ sí, ẹ yá tọ́ọ̀ṣì elésè àlùkò tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó wò. Nínú òkùnkùn, ìtọ̀ tó ti gbẹ máa tàn bí àwọ̀ ewé àti ìyeyè. Òkùnkùn kì í wọ́n wa, àwọn oníná ń bá wa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá fọ ibẹ̀ tán, ẹ gbé abọ́ oúnjẹ ajá síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ajá kì í sábà tọ̀ síbi tó ti ń jẹun.

Ará Òkè-Mọ̀sán
Ìyá wa ti parí ti inú ilé. Íńtálọ́ọ̀kì tí ẹ̀gbọ́n Kútọ̀ mẹ́nu bà ló jẹ́ mi lógún. Láàárín ọ̀sẹ̀ 5 sí 9 ni ọmọ ajá ti ń mọ irú ilẹ̀ tó fẹ́ máa tọ̀ sí. Ẹ bi ẹni tó tà á: orí iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ, àbí koríko, àbí sìmẹ́ńtì? Bó bá jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ tàbí koríko, íńtálọ́ọ̀kì àti táìsì ò yàtọ̀ síra lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Táìsì ni òjò ò sì pa.

Ẹ kan pákó ní ẹsẹ̀ bàtà 4 níbùú, 4 lóròó, kó ga ní íǹṣì 6. Ẹ má fi nǹkan kan dí ìsàlẹ̀ ẹ̀ kí omi lè máa rọ́nà lọ. Bí bárò yanrìn odò 4 ló máa gbà. Ẹ gbé e sábẹ́ páànù tàbí ibi tí òrùlé yọ dé, torí yanrìn tí òjò bá ti lù kì í wu ajá tẹ̀. Àkísà tí ẹ fi tẹ ìtọ̀ tuntun, ẹ bò ó mọ́ inú yanrìn náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òórùn ló máa pè é wá. Ẹ máa kó ìgbẹ́ kúrò lójoojúmọ́, kí ẹ máa pààrọ̀ yanrìn òkè lóṣooṣù.

Kí ó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ o. Ajá tó bá ti ta gìrì níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè má fẹ́ padà síbẹ̀ mọ́. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ wàyí, oòrùn ọ̀sán máa ń mú íńtálọ́ọ̀kì gbóná débi tó lè bó ọmọ ajá lẹ́sẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé e. Bí ẹ ò bá lè fi síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 7, òun náà ò lè tẹ̀ ẹ́.

Ará Ìtòkú
Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbàlá ń gbádùn. Ilé alájùmọ̀gbé, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan fún ayálégbé mẹ́fà, ìwé ìròyìn ni àbọ̀ wa. Ẹ tẹ́ ẹ ní ìlọ́po 4 sí ibì kan ṣoṣo. Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ máa sún un ní bí ìbú ọwọ́ kan lójúmọ́ sí ọ̀nà ilẹ̀kùn, títí yóò fi dé bàràńdà. Bí ẹ bá sún un jù, á tọ̀ sí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ewé kan tó ti rin sábẹ́ tuntun. Ẹ sì bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀ ṣáájú, pàápàá ẹni tó ń kírun lẹ́bàá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí okùn má kúrò lọ́rùn ajá títí yóò fi kọjá.

Ará Òkè-Mọ̀sán
Mi ò fara mọ́ ìwé ìròyìn fún ẹni tó bá ní ilẹ̀ níta. Ìgbà méjì ni ẹ máa kọ́ ajá lẹ́kọ̀ọ́ kan náà: ẹ kọ́ ọ kó máa tọ̀ sínú ilé, kí ẹ tún wá kọ́ ọ kó má tọ̀ síbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, ìwé yòówù tí ọmọ iléèwé bá fi sílẹ̀ nílẹ̀ ti di tirẹ̀.

Ará Ìtòkú
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kéde Orò, tí ilé kún fún obìnrin nìkan, ta ló máa mú ajá lọ sí ìta? Ẹ fi ìwé díẹ̀ pamọ́.

Ará Alábàtà
Ẹ jẹ́ kí n fi ti àìsàn kún un, torí ó yẹ kó ṣáájú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí. Ajá tó ń lóṣòó léraléra tí ẹ̀kán díẹ̀ nìkan ń jáde, tó ń lá ìdí ẹ̀, tí ìtọ̀ ẹ̀ pọ́n tàbí tó ń rùn ju ti tẹ́lẹ̀, àkóràn ọ̀nà ìtọ̀ ni kí ẹ fura sí. Ó wọ́pọ̀ lára abo ju akọ lọ. Abo tí ìdí ẹ̀ ń tutù láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, òpó tó ń gbé ìtọ̀ láti kíndìnrín lè má já sínú àpò ìtọ̀ bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ abẹ ló wà fún ìyẹn. Ajá tó ń mu omi lámujù náà, ẹ gbé e lọ.

Ti ìgbẹ́: oògùn aràn ní ọ̀sẹ̀ 2, 4, 6 àti 8, lẹ́yìn náà lóṣooṣù títí di oṣù 6. Ẹ sì ṣọ́ láfún àti ẹ̀kọ àjẹkù yẹn. Ìyẹ̀fun pọ̀ nínú ẹ̀, ẹran kéré, ìgbẹ́ á pọ̀, á rọ̀, kò sì ní lè mú un mọ́ra. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ oúnjẹ, ẹ máa pò ó díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ 7. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ní àkókò kan náà, kí ẹ gbé abọ́ kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20. Oúnjẹ tó wà nílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn mọ ìgbà tí ìgbẹ́ máa dé.

Bí ìgbẹ́ bá ní ẹ̀jẹ̀ tí ajá sì ń bì, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, parvo, àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó ń ran ọmọ ajá, lè pa á kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra títí di ọ̀sẹ̀ 16. Kí ó tó pé, ẹ má mú ọmọ ajá lọ tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì tí ajá aláìlólúwa ń gbà, torí kòkòrò náà ń wà nínú iyẹ̀pẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Yanrìn inú àgbàlá tí ẹ̀gbọ́n Òkè-Mọ̀sán sọ ló dáa jù.

Ilé ìwòsàn ẹranko ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta, wà ní Alábàtà níbí. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ fi ṣíbí ìbọbẹ̀ tó mọ́ gbe ìtọ̀ àkọ́kọ́ tí ajá bá tọ̀ lówùúrọ̀, ẹ dà á sínú ike oníderí tó mọ́, kí ẹ tètè gbé e dé. Bí ọ̀nà bá máa pẹ́, ẹ fi í sáàárín omi dídì. Ẹ má gbé e láti ilẹ̀, ìdọ̀tí ilẹ̀ máa ba àyẹ̀wò jẹ́.

Ará Kútọ̀
Ẹ ṣé gan-an ni, màá bẹ̀rẹ̀ láti orí yanrìn. Ti òru wá ńkọ́? Ṣé kí n gbé omi kúrò níwájú ẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́?

Ará Lafẹ́ńwá
Rárá o, nínú ooru yìí ẹ má fi òùngbẹ pa á. Ẹ jẹ́ kó jẹun alẹ́ ní aago 6, kó mu omi bó ṣe fẹ́ títí di wákàtí kan kó tó sùn. Ìṣirò tí wọ́n sábà ń lò ni iye oṣù ọjọ́ orí ẹ̀ kí ẹ fi 1 kún un, ìyẹn ni iye wákàtí tó lè gbà mú ìtọ̀ mọ́ra. Oṣù 5 lè dé wákàtí 6 lójú oorun. Lójú ọ̀sán tó ń sáré, kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ mọ ìgbà tó sábà máa ń tọ̀ lóru, kí ẹ fi aago sí ìdajì wákàtí ṣáájú ẹ̀. Ẹ mú un jáde láìtan iná, láìbá a ṣeré, kó tọ̀, kó padà sínú kéèjì. Bí òru 3 bá gbẹ léraléra, ẹ sún aago síwájú ní ìṣẹ́jú 15. Bí ilẹ̀ bá tutù lóru kan, ẹ dá a padà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú 30, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí ka òru 3.