Aṣọ aláwẹ́ ni kí a máa pè é: èsì mi lórí orúkọ aṣọ tí a fi ń nu mọ́tò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó dá mi lóhùn. Fún àwọn tí kò bá wa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí: mo ní ibi ìfọkọ̀ kan lójú ọ̀nà Ìjọ́kà ní Àkúrẹ́, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló wà lọ́dọ̀ mi. Mo fẹ́ kọ òfin ìtọ́jú aṣọ tí a fi ń nu mọ́tò sára ògiri níbẹ̀, ní èdè Yorùbá, nítorí òun ni a ń sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. «Máíkró», ìgékúrú «microfibre» ti Òyìnbó, ni àwọn ọmọ ń pe aṣọ náà, ọ̀rọ̀ náà kò sì sọ ohunkóhun fún wọn. Mo wá béèrè pé kí ni a lè pè é. Àbúrò wa tó ń kọ́ ìmọ̀ èdè ní kí a pè é ní aṣọ ìnura oní-fọ́nrán-kékeré. Ẹ̀gbọ́n wa ní Oǹdó ní kí a pè é ní àrán ìnukọ̀. Bàbá wa olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ní tèmi ti pọ̀ jù, pé àkísà ni àkísà ń jẹ́.

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Aṣọ tó ti gbó, tó ti ya, tí a kò lè wọ̀ jáde mọ́ ni àkísà. Ẹni tó bá pe aṣọ tuntun ní àkísà, bí àkísà ni yóò ṣe máa lò ó. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jẹ́ kí aṣọ bọ́ sílẹ̀ níbi tó ti ń dán mọ́tò dúdú oníbàárà kan. Ó mú un nílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹ mọ yanrìn wa. Nígbà tí oòrùn là sí bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn lọ́sàn-án, ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ ló yọ káàkiri orí rẹ̀, róbótó róbótó, bí ilé aláǹtakùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá oníbàárà náà tún un ṣe, n kò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí mo bi ọmọ náà pé kí ló dé tí kò mú òmíràn, ó ní, «Ọ̀gá, ṣebí àkísà náà ni.» Kò purọ́. Orúkọ tí a fún un ló tẹ̀ lé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kì í ṣe eré.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí aṣọ ìnura oní-fọ́nrán-kékeré. Àbúrò mi, o ṣiṣẹ́, mo rí ibi tí o ti fà á yọ: ègé kọ̀ọ̀kan nínú orúkọ Òyìnbó lo wá nǹkan fi dí. Àmọ́ «kékeré» ni ó kọ́kọ́ há mi lọ́fun. Ọmọ kékeré, ilé kékeré, abọ́ kékeré. Bí mo bá ní okùn kékeré, okùn tí kò gùn ni ẹni tó gbọ́ mi yóò mú wá. Òwú kì í sì í ṣe kékeré, tín-ín-rín ni òwú ń jẹ́. Ẹ wo bí àwọn tó ń ṣe é ṣe ń wọn ọ́n: bí wọ́n bá fa fọ́nrán kan gùn tó 9,000 mítà, tí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, tí kò sì tó gíráàmù 1, wọ́n á ní ó ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tín-ín-rín. Ohun tí a ń fà tó 9,000 mítà, báwo ni yóò ṣe jẹ́ kékeré?

«Fọ́nrán» fúnra rẹ̀ kò burú. Fọ́nrán òwú, a ti ń pè é bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ tan rédíò lónìí, fọ́nrán ni wọ́n ń pe fídíò tí wọ́n ká sílẹ̀ àti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Mo dán an wò lára àwọn ọmọ náà. Mo ní kí wọ́n sọ ohun tí «oní-fọ́nrán-kékeré» jẹ́, èyí tó kéré jù nínú wọn sì dáhùn pé ẹni tó máa ń gbé fídíò kúkurú jáde ni. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, bó ṣe yé e nìyẹn.

Ní ti «ìnura», mo gbà fún ọ pé ọkọ̀ náà ní ara, gbogbo wa là ń sọ pé ara mọ́tò. Àmọ́ aṣọ ìnura ní ọkàn ọmọ Yorùbá ni èyí tó kọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Olówùú ni ìyẹn, òun gan-an sì ni a kò gbọ́dọ̀ fọ̀ pọ̀ mọ́ aṣọ tí à ń sọ yìí. Orúkọ tó bá so wọ́n pọ̀ ti ba òfin mi jẹ́ kí n tó kọ ọ́.

Tín-ín-rín náà, mo rò ó wò, mo fi sílẹ̀. Lójú ẹni tó ń ṣe fọ́nrán ni tín-ín-rín ti jẹ́ nǹkan bàbàrà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Toray ní Jàpáànì gbé irú rẹ̀ jáde ní 1970, aṣọ tó jọ awọ rírọ̀ ni wọ́n fi ṣe, aṣọ wíwọ̀ àti aṣọ àga, kì í ṣe ti mọ́tò rárá. Àwa tí à ń nu nǹkan, ohun mìíràn là ń wá lára rẹ̀, ohun náà ni mo fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ dì mú.

Ẹ mú obì àbàtà sọ́wọ́, ẹ là á. Bó ṣe ń là sí awẹ́ mẹ́rin yẹn, bí fọ́nrán inú aṣọ yìí ṣe ń là nìyẹn. Oríṣi méjì ni wọ́n fà pọ̀ sínú fọ́nrán kan ṣoṣo: póliẹ́sítà, àti pólíámáìdì tó jẹ́ ìdílé náílọ́ọ̀nù. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí 80/20 tàbí 70/30 lára léébù, póliẹ́sítà ló ń pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n bá ti hun aṣọ náà tán ni wọ́n ń fi kẹ́míkà tàbí agbára omi là wọ́n kúrò lára wọn. Awẹ́ tó jáde kò rí roboto mọ́, ó ní ẹnu, ó ní igun, bí awẹ́ ọsàn. Igun yẹn ló ń wọ abẹ́ ìdọ̀tí tí ó sì ń gbé e kúrò lára pẹ́ńtì. Àlàfo tó wà láàárín awẹ́ kan àti èkejì ni omi ń sá sí. Òwú lásán roboto, ṣe ni yóò kàn máa ti ìdọ̀tí síwá sẹ́yìn.

Nítorí náà, aṣọ aláwẹ́.

Ẹ wá wò ó bí gbogbo òfin ìtọ́jú ṣe ń ti inú orúkọ yẹn jáde. Kí ló dé tí a kì í fi omi olóòórùn tí ń mú aṣọ rọ̀ sí i? Ọ̀rá inú rẹ̀ ń dí àlàfo awẹ́, omi á kàn máa yọ̀ lórí aṣọ ni. Kí ló dé tí a kì í fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ olówùú? Irun òwú á há sáàárín awẹ́, àfi kí ẹ máa fi èékánná yọ ọ́. Ọṣẹ olómi ló yẹ ẹ́ ju ọṣẹ oníyẹ̀fun lọ, nítorí èyí tí kò bá yòrò á jókòó síbẹ̀. Bílíìsì ń jẹ náílọ́ọ̀nù inú rẹ̀. Iná wá ni olórí ọ̀tá.

Ti iná yìí, ara mi ni mo ti kọ́ ọ. Nígbà òjò kan tí aṣọ kò gbẹ, tí oníbàárà tò sẹ́nu ọ̀nà, mo gbé áyọ́ọ̀nù, mo lọ aṣọ méjìlá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Wọ́n gbẹ. Ojú wọn ń dán bí ike. Nígbà tí mo fọwọ́ pa á, ó gan, ó ń họ mí lọ́wọ́. Awẹ́ ti yọ́ lẹ̀ mọ́ra, obì ti padà di odindi. N kò lè fi ọ̀kan nínú wọn kan ara mọ́tò mọ́, táyà ni mo fi wọ́n nù títí wọ́n fi tán. Omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ tí ọwọ́ lè gbà ti tó fún un, kí a sì sá a síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lábẹ́ òrùlé. Lásìkò ọyẹ́, ẹ má sá a síta rárá, erùpẹ̀ pupa ìlú yìí á kún inú rẹ̀ kó tó gbẹ.

Mo mọ àtakò tó ń bọ̀. Ẹnì kan ti kọ̀wé sí mi pé «alawe» láìsí àmì ohùn, ẹni tó ń gba ààwẹ̀ ni wọn yóò kà á sí. Aláàwẹ̀ ni ìyẹn, fáwẹ́ẹ̀lì rẹ̀ gùn, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ lópin. Ẹni tí yóò kọ ọ́ sára ògiri yóò fi àmì sí i, owó àmì wà nínú owó iṣẹ́. Àtakò kejì lágbára jù ú lọ: pé awẹ́ tí ojú kò rí, báwo ni a ṣe máa fi sọ ọ́ lórúkọ? Èsì mi ni pé àwọn onímọ̀ gírámà wa ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awẹ́ gbólóhùn ni gbogbo wa kọ́ níléèwé. Ta ló fi ojú rí awẹ́ nínú gbólóhùn rí? Wọ́n mú un láti inú obì, wọ́n gbé e sínú èdè, ó sì dúró. Láti inú obì dé inú aṣọ kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ sì ń mọ ohun tí ojú kò rí. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tó ti gbẹ pa aṣọ tó jẹ́ aláwẹ́ lóòótọ́, ẹ ó rí i tó ń fà mọ́ yín lọ́wọ́, ní pàtàkì lásìkò ọyẹ́. Èyí tí wọn kò là, tí wọ́n kàn fi fọ́nrán tín-ín-rín hun, yóò máa yọ̀ ni. Ẹ da omi díẹ̀ sórí gíláàsì, ẹ fi nù ún, yóò máa ti omi kiri. Irú rẹ̀ pọ̀ nínú ọjà, ó sì ń jẹ́ máíkró náà. Ìdí mìíràn rèé tí mo fi fẹ́ orúkọ yìí: yóò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ lè dúró níwájú ìsọ̀ ní Ọjà Ọba kó sọ pé, «Mà, èyí kì í ṣe aláwẹ́.»

Ẹ̀gbọ́n mi ní Oǹdó, àrán wù mí, mi ò ní parọ́. Irun tó dúró lójú àrán jọ ti aṣọ yìí dáadáa. Ṣùgbọ́n aṣọ ayẹyẹ ni àrán lójú wa. Ẹ tún sọ pé kí a má jẹ́ kí Yorùbá tí wọ́n ń kọ sínú ìwé gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ àwa tí à ń pe ilé ní ulé, tí à ń pe iná ní uná. Mo bá yín lọ síbẹ̀. Bí a bá fi ìnukọ̀ sí i, ẹ̀yin á pè é ní ùnukọ̀, àríyànjiyàn tuntun á bẹ̀rẹ̀. Aláwẹ́ kò ní í níbẹ̀rẹ̀, bákan náà ni ẹ̀yin àti ará Ìbàdàn yóò pè é.

Ó ku nọ́ńbà ara léébù, gíráàmù aṣọ tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó. Àwọn ọmọ ń sọ pé «èyí ki jù», bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Ìnípọn ni àbúrò wa fẹ́. Ìwúwo ni mo fara mọ́, nítorí òṣùwọ̀n ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe rúlà. Aṣọ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 níbùú, 40 lóròó, tí wọ́n kọ 400 sí lára, gíráàmù 64 ló yẹ kó wọ̀n. Mo gbé ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n oníṣúgà, kò tó 45. Fún gíláàsì, 200 sí 300 ti tó. Fún dídán ara ọkọ̀, 350 sí 500. Èyí tí a fi ń gba omi lẹ́yìn fífọ̀ máa ń tó 800 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni ẹ kò sì gbọdọ̀ «nù». Ẹ tẹ́ ẹ sórí ọkọ̀, kí ẹ fà á wálẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kọ sára ògiri rèé: «Aṣọ aláwẹ́ búlúù, ara ọkọ̀. Yẹ́lò, gíláàsì. Dúdú, táyà àti rímù. Èyí tó bá bọ́ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ọkọ̀ títí a ó fi fọ̀ ọ́. Ẹ má fi iná kàn án. Ẹ má fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ olówùú. Ẹ já léébù rẹ̀ kí ẹ tó lò ó.» Mo tún fẹ́ sọ nípa etí rẹ̀, nítorí etí tí wọ́n fi òwú líle gbá máa ń ha pẹ́ńtì. Ìṣẹ́tí ni mo mọ̀ fún aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ létí. Èyí tí wọ́n gé láìṣẹ́ ẹ rárá, tí kò ní etí kankan, kí ni a ń pè é? Ẹni tí yóò kọ ògiri ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ kan kó tó dé.