Ọdẹ ẹlẹ́dẹ̀ igbó ní Texas, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará wa ní Texas, ẹ jọ̀ọ́, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ lọ yìnbọn pa ẹlẹ́dẹ̀ igbó ní ráǹṣì bàbá ọ̀kan nínú wọn, wọ́n ti fi imú hú gbogbo pápá tí màálù ń jẹ̀ bí ìgbà tí katakata bá kọjá níbẹ̀. Wọ́n ní láti 2019 ò sẹ́ni tó nílò láísẹ́ǹsì ọdẹ fún ẹlẹ́dẹ̀ igbó tí onílẹ̀ bá ti gbà, àmọ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ lèmi ń lò o, òfin ìjọba àpapọ̀ sì ní irú wa ò gbọdọ̀ mú ìbọn dání láìní láísẹ́ǹsì ọdẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kò sí wàhálà, ọmọ Amẹ́ríkà sáà ni wọ́n, èmi ni ìjọba máa dá padà sílé. Ta ló ti gba láísẹ́ǹsì yìí rí, èwo ni kí n gbà? Ìbọ̀wọ́ wo lẹ sì ń lò tẹ́ ẹ bá ń kun ẹran ọ̀hún, torí àrùn inú ẹ̀jẹ̀ wọn?