Kí ni wọ́n ń béèrè kí èèyàn tó gba PhD nínú neurobiology (ìmọ̀ nípa bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́)?

Ọpọlọ_Pípé: Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Oyè àkọ́kọ́ nínú biology ni mo ní. Ṣé dandan ni másítà? Ọdún mélòó ló ń gbà, ibo ló sì ti sábà ń dá èèyàn dúró?

Onílàbù: Ibi tẹ́ ẹ bá ń lọ ni. Ní Amẹ́ríkà, oyè àkọ́kọ́ ti tó, bẹ́ ẹ bá ṣáà ti fọwọ́ ara yín ṣe ìwádìí rí. Ó sábà máa ń gba ọdún 5 sí 6. Ní Jámánì, wọ́n sábà máa ń béèrè másítà, PhD fúnra rẹ̀ á wá gba nǹkan bí ọdún 3 sí 4.

Ní Amẹ́ríkà, ọdún kìíní ni kọ́ọ̀sì pọ̀ jù: bí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ṣe ń ta iná síra wọn, ètò ọpọlọ, sìtátísíìkì, òfin ìwà nínú ìwádìí. Ẹ ó tún máa yí láàbù 2 tàbí 3 ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọ̀sẹ̀ 10, kẹ́ ẹ tó yan alábòójútó. Ẹ má wo orúkọ ńlá. Ẹ bi àwọn tó wà níbẹ̀ pé ọdún mélòó lẹni tó jáde kẹ́yìn lò.

Ọ̀pá_Ìdiwọ̀n: Kọ́ọ̀sì kì í sábà dá ẹnikẹ́ni dúró. Ìdánwò tó máa ń wáyé ní nǹkan bí ọdún kejì ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ẹ ó kọ àbá ìwádìí, ẹ ó sì gbèjà rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń lo ìlànà F31, ìyẹn owó ìrànwọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ PhD láti ọwọ́ NIH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwádìí ìlera: ojú ìwé 1 fún àfojúsùn, 6 fún ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé àfojúsùn kejì gbára lé ìkíní. Bí ìkíní bá já sófo, ìkejì ti kú nìyẹn. Èkejì ni iye àpẹẹrẹ tẹ́ ẹ máa fi ṣe ìṣirò: sẹ́ẹ̀lì 60 láti ara eku 3 kì í ṣe 60, eku 3 náà ni, torí sẹ́ẹ̀lì inú ẹranko kan náà jọra. Wọ́n á bi yín dandan.

Agbéku: Ẹ má gbàgbé kàlẹ́ńdà eku o! Oyún rẹ̀ ń lo ọjọ́ 19 sí 21. Ọmọ á tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kó tó lè gùn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ eku tí ẹ̀dà méjèèjì jíìnì kan ní flox (àmì tó ń jẹ́ kí wọ́n lè gé jíìnì náà kúrò), tó sì ní Cre (èròjà tó ń gé e), ìran méjì ni, ìdá 1 nínú 4 ọmọ ìran kejì ló sì máa ní in. Kí wọ́n tó dàgbà, bí oṣù 5 ti lọ. Ẹ kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹyọ kan kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ẹranko tó buwọ́ lù ú. Ẹ kọ ìwé yẹn nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń múra ìdánwò.

Ọpọlọ_Pípé: Ẹ ṣeun gan-an. Bí n kò bá fẹ́ fọwọ́ kan ẹranko ńkọ́?

Ọ̀pá_Ìdiwọ̀n: Ó ṣeé ṣe, kọ̀ǹpútà lẹ ó gbájú mọ́: Python (èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) àti ìṣirò mátíríìsì. Àmọ́ ibi tí dátà ti ń bọ̀ di tẹlòmíì nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ín kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ lè tẹ̀ ẹ́ jáde, kẹ́ ẹ tó lo oṣù kan lé e lórí.

Onílàbù: Ó ku ìparí. Ìgbìmọ̀, tó sábà máa ń jẹ́ ẹni 4 tàbí 5, á máa pàdé yín ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àwọn ló máa sọ pé ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àpilẹ̀kọ. Láwọn ibì kan, àfi kẹ́ ẹ ní ìwé ìwádìí kan tí orúkọ yín ṣíwájú nínú rẹ̀. Inú ìwé ìlànà ẹ̀ka náà ni kẹ́ ẹ ti wò ó, kì í ṣe lẹ́nu alábòójútó.