Ǹjẹ́ àwòrán ọpọlọ lè fi àrùn schizophrenia hàn?

Àdùkẹ́:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Dókítà sọ pé schizophrenia ló ń ṣe àbúrò mi, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Mo kà á pé ẹ̀rọ PET máa ń ya àwòrán bí ọpọlọ ṣe ń lo ṣúgà àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú rẹ̀. Ṣé kí a wá owó rẹ̀, kí ó lè dá wa lójú pé àìsàn náà nìyẹn?

Àyìnlá:
Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn. Ẹ má tíì náwó o. Ní 1948, Seymour Kety àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wọn àpapọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú ọpọlọ kọjá àti ọ́síjìn tó ń lò, wọn kò sì rí ìyàtọ̀ láàrin àwọn aláìsàn yìí àti àwọn tí orí wọn pé. Ní 1974 ni Ingvar àti Franzén ní Sweden fi xenon-133, gáàsì kan tó ń tú ìtànṣán jáde, wo ọpọlọ ní apá kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀, tó sábà máa ń pọ̀ níwájú ọpọlọ ju ẹ̀yìn lọ, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ lára àwọn tí àrùn náà ti pẹ́ lára wọn.

Káṣìmáawò:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìwádìí tó tẹ̀lé e ló rí ohun kan náà. Ní 1986, Weinberger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn aláìsàn ní iṣẹ́ pípín káàdì tó gba àròjinlẹ̀. Ibẹ̀ ni àìtó ẹ̀jẹ̀ níwájú ọpọlọ ti hàn kedere, ju ìgbà tí wọ́n kàn sinmi lọ. Oògùn tí aláìsàn ń lò náà máa ń yí àwòrán padà.

Àdùkẹ́:
Ẹ ṣeun. Ohùn tó ń gbọ́ yẹn ńkọ́, ṣé kì í hàn níbẹ̀?

Àyìnlá:
Ó ti hàn rí. Ní 1993, McGuire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London rí i pé lásìkò tí àwọn aláìsàn ń gbọ́ ohùn, ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ sí i ní apá Broca, níbi tí ọpọlọ ti ń to ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Síbẹ̀, àpapọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni irú àbájáde bẹ́ẹ̀ ti ń jáde. Kò sí dókítà tó lè wo àwòrán ẹnì kan ṣoṣo kó fi í dá àrùn yìí mọ̀. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àti ìtàn bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi ẹ̀rọ CT tàbí MRI ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, ẹ yà á, nítorí ìyẹn wà láti mọ̀ bóyá kókó tàbí àìsàn mìíràn ló fara pamọ́ sínú ọpọlọ.