Ọ̀rọ̀ Olóyè Sàràkí ti fẹ́ da àdúgbò wa rú. Kí la máa wò ká tó dájọ́?

Ọmọ Àdéwọlé:
Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará Kwara. Alhaji kan ládùúgbò wa ní kò tíì sí olówó tó bọ́ mẹ̀kúnnù Ìlọrin bíi Olóyè Olúṣọlá Sàràkí, àgbà òṣèlú Kwara tó ti dolóògbé, pé ìwà ìkà ni wíwó tí ìjọba wó Ilé Arúgbó, ibi tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì fún àwọn arúgbó, ní January 2, 2020. Bàbá lándílọ́ọ̀dù tó kọjú sí wọn ní ilẹ̀ ìjọba ni, pé oore tí a bá fi nǹkan gbogbo ìlú ṣe kì í ṣe oore. Wọn ò kí ara wọn mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ilẹ̀, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Onísọ́fè:
Ohun méjì ni wọ́n pa pọ̀. Òfin Ilẹ̀ 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà fún gbogbo ará ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ ilẹ̀ ìjọba á kọ̀wé béèrè, á gba lẹ́tà pé wọ́n ti pín in fún un, á san owó tó wà nínú lẹ́tà, á gba rìsíìtì. Wọ́n á wọn ilẹ̀, wọ́n á rì bíkìn, ìyẹn òpó ààlà, sí igun-igun, kí gómìnà tó fọwọ́ sí C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀. Àárín lẹ́tà àti rìsíìtì ló ti sábà ń bàjẹ́. Lẹ́tà dé, owó ò lọ, ilé ti dìde. Ohun tí ìjọba Gómìnà AbdulRazaq sọ nìyẹn: pé ilẹ̀ ilé ìwòsàn òṣìṣẹ́ ìjọba ni, pé kò sí àkọsílẹ̀ owó, kò sí C of O.

Èkejì ni bí wọ́n ṣe ń gbà á padà. Abala 28 nínú Òfin Ilẹ̀ yẹn fún gómìnà lágbára ẹ̀, àmọ́ ìgbà tí ìwé bá tó dé ọwọ́ onílẹ̀ ni ẹ̀tọ́ ẹ̀ tó parí. Abala 44 ní kí wọ́n fi lé e lọ́wọ́, tàbí kí wọ́n fi sílé ẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ ní rẹ́jísítà. Tí wọn ò bá mọ ibi tó ń gbé ni wọ́n tó lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilé. Tó bá jẹ́ torí iṣẹ́ ìlú, abala 29 ní kí wọ́n san owó ilé tó wà lórí ilẹ̀ náà. Tó bá sì jẹ́ pé onílẹ̀ ló rú àdéhùn, kò sí owó kankan. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ìwé ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrẹsì. Síbẹ̀, bí ìwé bá tiẹ̀ dá ìjọba láre, wíwó ilé lóru ò dáa.

Ọmọ Ìgbómìnà:
Ẹ fi ti òṣèlú kún un. Ní 1983, ẹgbẹ́ òṣèlú NPN ni Olóyè wà, òun ló ń darí ẹgbẹ́ wọn ní Sẹ́nétì, síbẹ̀ ó bá Gómìnà Adamu Atta tí wọ́n jọ wà nínú NPN jà, ó ti Cornelius Adébáyọ̀ ti ẹgbẹ́ UPN lẹ́yìn, Kìrìsìtẹ́nì láti Òkè-Onígbìn ní gúúsù Kwara. Adébáyọ̀ sì wọlé. Ẹni tó bá ní Olóyè ò ṣe tiwa ní gúúsù Kwara rárá kò sòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni kan ṣoṣo ló ń yan gómìnà fún gbogbo wa, ìyẹn gan-an ló ń dùn wá. Nígbà tó di 2011, tó fa Gbémisọ́lá, ọmọ ẹ̀ obìnrin, kalẹ̀ fún ipò gómìnà nínú ẹgbẹ́ ACPN, ọmọ náà fìdí rẹmi. “Ó tó gẹ́” 2019, igbe tí àwọn ará Kwara fi kọ agbára ìdílé Sàràkí níbi ìdìbò, ò ṣàdédé wáyé.

Oníṣirò:
Ẹ má gbàgbé Societe Generale Bank, tí ìdílé wọn ní ìpín ńlá nínú ẹ̀. Ọdún 2006 ni báńkì àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí owó wọn há síbẹ̀ ò jẹ nínú ìrẹsì Ilé Arúgbó.

Ọmọ Àdéwọlé:
Ẹ ṣeun gan-an. Tá a bá fẹ́ rí ìwé ilẹ̀ yẹn fúnra wa ńkọ́?

Onísọ́fè:
Kí àwọn bàbá méjèèjì jọ kọ̀wé sí KW-GIS, ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ ní Kwara, pé àwọn fẹ́ yẹ fáìlì wò, kí wọ́n san owó ẹ̀. Kí wọ́n béèrè máàpù láyáòtù àkọ́kọ́, torí ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí ohun tí ilẹ̀ náà wà fún. Lẹ́yìn náà, lẹ́tà, rìsíìtì, C of O, àti ìwé tí wọ́n fi gbà á padà. Kí wọ́n fi déètì àwọn ìwé náà wé ara wọn. Púlọ́ọ̀tì 1, 3 àti 5 ni ilẹ̀ Ilé Arúgbó, Ilofa Road, GRA, Ìlọrin.