"Educate": ṣé "fà jáde" ló jẹ́ lóòótọ́ nínú èdè Látìn?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ káàsán o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Tíṣà pírámárì ni mí níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, wọ́n wá ní kí n bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ níjọ́ ìpàdé PTA, mo sì fẹ́ gbé e ka orí "educate" yẹn. Ohun tí mo ń gbọ́ látìgbà tí mo ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni pé inú "educere" ti Látìn ló ti wá, ìyẹn kéèyàn fa nǹkan jáde, pé ohun tó ti wà nínú ọmọ ni tíṣà ń fà síta, kì í ṣe pé ó ń rọ ìmọ̀ sí i lágbárí. Àmọ́ mo yẹ díkíṣọ́nárì wò, "educare" ni mo bá níbẹ̀, wọ́n ní ọmọ títọ́ ni. Èwo ni kí n mú?

Ọmọ Akẹ́sàn:
"Educere" ni jàre. Kò síbi tí wọ́n ti ń ṣe sẹminá fáwọn tíṣà tí wọn kì í sọ ọ́. Lò ó bẹ́ẹ̀.

Bàbá Tíṣà, Ọ̀yọ́:
Rárá o, ọmọ mi, má lò ó bẹ́ẹ̀. A ṣe Látìn níléèwé girama nígbà tiwa, "amo, amas, amat" là ń kà ṣáá, torí náà jẹ́ kí n là á yé ẹ. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló wà níbẹ̀, bí ará Róòmù bá sì fẹ́ sọ pé òun ń ṣe é, "educo" ni yóò kọ fún méjèèjì, fáwẹ̀lì "u" tó gùn nínú ti "educere" nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dà rú mọ́ àwọn èèyàn lójú. Ìparí rẹ̀ ni kó o wò. "Educare" ló ń di "educatus", "educere" ń di "eductus". Gẹ́ẹ́sì mú "create" látinú "creatus", ó mú "dictate" látinú "dictatus", bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe mú "educate" látinú "educatus". Ohun tí "educere" bí ni "educe", ta ló tún ń sọ ìyẹn.

Varro, ọ̀mọ̀wé ará Róòmù tí wọ́n bí lọ́dún 116 ṣáájú Kristi, to gbogbo ẹ̀ sójú kan: "educit obstetrix, educat nutrix, instituit paedagogus, docet magister". Agbẹ̀bí fà á jáde, ìyá alágbàtọ́ tó ń fún un lọ́mú tọ́ ọ dàgbà, ẹrú tó ń mú un lọ síléèwé tó sì ń ṣọ́ ọ kọ́ ọ níwà, olùkọ́ wá kọ́ ọ níwèé. Ṣé o rí i, "fífà jáde" tí wọ́n gbé fún tíṣà yẹn, iṣẹ́ agbẹ̀bí ni!

Abẹ̀ní:
Ẹ ṣeun bàbá. Àmọ́ sà, ṣebí "ducere" ló wà nínú méjèèjì, ìyẹn kéèyàn ṣamọ̀nà, ibi tí "dux" tó di "duke" ti wá? Ẹni tó ní "fà jáde" ò fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà nígbà yẹn.

Bàbá Tíṣà, Ọ̀yọ́:
Òótọ́ ni Abẹ̀ní, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó ni èdè ṣe ń lò ó la máa wò. Akéwì wọn kan, Catullus, sọ nípa òdòdó pé oòrùn ń mú un le, òjò sì ń "educat" rẹ̀. Bíbọ́ àti títọ́ nìyẹn. Nígbà tí Gẹ́ẹ́sì náà kọ́kọ́ mú un láàárín ọdún 1400 sí 1500, ọmọ títọ́ ni wọ́n fi ń pè, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni iléèwé tó gbà á mọ́ ara.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ̀mí yín á gùn sà. Ti Varro yẹn gan-an ni mo máa mú. Ṣé kí n kà á fún wọn ní Látìn?

Abẹ̀ní:
Kà á lẹ́ẹ̀kan, kó o wá lọ sí Yorùbá kíá. Bi wọ́n pé nínú àwọn mẹ́rin yẹn, èwo ni wọ́n ń ṣe nílé, èwo ni wọ́n ti kó sọ́rùn tíṣà. Àwọn òbí wa mọ àbíìkọ́ yàtọ̀ sí àkọ́ọ̀gbà, wọ́n á dá ẹ lóhùn dáadáa.

Bàbá Tíṣà, Ọ̀yọ́:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. "Paedagogus" yẹn, "páídágógùs" ni kó o pè é o.